Ọmọ Tó Fi Ìdí Lulẹ̀: Bí Ẹ Ṣe Máa Tọ́jú Rẹ̀, àti Ìgbà Tó Yẹ Kí Ẹ Sáré Gbé E Lọ Ọsibítù

Bí àsìkò máńgòrò bá ti wọlé ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí ṣáá: "Ìyá Àjàní, ọmọ mi já lórí igi, ìdí ló fi sọlẹ̀, kò lè jókòó mọ́. Kí ni kí n ṣe?" Tí òjò bá wá balẹ̀ dáadáa, àwọn tó yọ̀ ṣubú nínú ilé ìwẹ̀ àti lórí símẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé á tún bọ́ sí i. Mo ti dáhùn títí ẹnu ń ro mí, ni mo ṣe ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Èmi kì í ṣe dókítà o. Ọmọ tèmi ló ṣẹlẹ̀ sí nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 8. Àṣìṣe tí mo ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó ti dókítà àti nọ́ọ̀sì, tí mo bi wọ́n ní gbogbo ohun tí mo lè bi wọ́n.

Eegun wo là ń sọ?

Èyí tó parí ọ̀pá ẹ̀yìn nísàlẹ̀ pátápátá ni, lókè ibi tí ìdí ti là sí méjì. Eegun wẹ́wẹ́ mẹ́ta sí márùn-ún tó so mọ́ra ni, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò sì gùn tó ìka àárín yín. Tí èèyàn bá jókòó tó rọ̀gbọ̀kú sẹ́yìn, òun ló ń gba ìwúwo ara. Tó bá tẹ̀ síwájú díẹ̀, itan àti eegun ìjókòó méjèèjì ló ń gbà á. Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú, torí òun la máa fi gé fóòmù ìjókòó ọmọ nísàlẹ̀.

Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ kàn gbá nìkan, ó lè sán, ó sì lè yẹ̀. Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, ìtọ́jú ilé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, kò sì sí POP (báńdéèjì funfun tó máa ń le, tí wọ́n fi ń di eegun tó ṣẹ́) tí wọ́n ń dì mọ́ ìdí.

Kí ẹ tó gbé e nílẹ̀

Gbogbo wa la máa ń sáré gbá ọmọ mọ́ra, ká fà á dìde. Ẹ ní sùúrù ìṣẹ́jú méjì.

1. Ẹ bi í níbi tó ń dùn ún. Tó bá ní ọrùn ni tàbí àárín ẹ̀yìn, tàbí tó dákú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á lápá. Ẹ pe 112, ẹ wá ọkọ̀ tó máa gbà á ní ìdùbúlẹ̀. Ọ̀kadà kọ́ o. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbé e fúnra yín, kí èèyàn mẹ́rin gbé orí, ẹ̀yìn, ìbàdí àti ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń gbé pákó, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sórí pákó.
2. Ẹ ní kó mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ fọwọ́ ra ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ bi í bóyá bákan náà ló ṣe ń mọ̀ ọ́n lára lọ́tùn-ún àti lósì.
3. Ẹ wo orí. Ọmọ tó ń bì, tó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tó ń tòògbé lásìkò tí kì í ṣe ti oorun rẹ̀, ọsibítù ló ń lọ. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìdí.
4. Tí gbogbo rẹ̀ bá dáa, ẹ jẹ́ kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó fọwọ́ tilẹ̀, kó kúnlẹ̀, kó sì dìde fúnra rẹ̀.
5. Nílé, ẹ wo ìdí rẹ̀. Kó wú díẹ̀ tàbí kó dúdú kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ẹ má máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ léraléra láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń dùn ún. Ó ń dùn ún.

Àwọn àmì tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la

Ẹ gbé e lọ ọsibítù lọ́jọ́ náà tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:

☐ kò lè tọ̀, tàbí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń bọ́ lára rẹ̀ láìmọ̀
☐ ìdí, ojú ara tàbí àárín itan rẹ̀ kú, kò mọ̀ ọ́n lára tí ẹ bá fọwọ́ kàn án
☐ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára, tàbí kò lè rìn
☐ ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́, tàbí lójú ara
☐ ikùn ń dùn ún, ó sì le
☐ paracetamol kò ràn án rárá
☐ ibà dé, tàbí ibẹ̀ wú, gbóná, ó ń ṣọyún

Mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, ẹ má dúró dè wọ́n kódà bó jẹ́ òru. Ó lè jẹ́ pé nǹkan tẹ iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, gbogbo wákàtí tó bá kọjá ló sì ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ náà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọsibítù ńlá méjì la ní, ti Yunifásítì Bowen àti ti Yunifásítì LAUTECH. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábúlé, ẹ má sọ pé ẹ máa dúró de ọkọ̀ ọjà lọ́la. Bí ẹ bá ní káàdì OYSHIA, ìyẹn ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ mú un dání.

Ohun tí mo ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tí ẹ̀yin kò gbọdọ̀ ṣe

Àjàní wọlé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi pákó dì lẹ́yìn. Ìyá ọkọ mi wò ó lẹ́ẹ̀kan: "Ìyàwó mi, gbé omi kaná kíá, ká jó o kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì síbẹ̀." Mo gbé e kaná. A dojú ọmọ délẹ̀ lórí ẹní, mo ti táwẹ́ẹ̀lì bọ omi tó ń ru, mo fún un, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, àbúrò mi sì fi róòbù wọ́ ọ. Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi ha. Nígbà tó fi máa di òru, ibẹ̀ ti wú bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo.

Nọ́ọ̀sì ló là mí lóye lọ́jọ́ kejì. Ooru ń la òpó ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ya lọ síbi tó fara pa, ibẹ̀ á túbọ̀ wú. Wíwọ́ náà tún ń da ibi tó fẹ́ jinná rú. Omi gbígbóná kò burú, àsìkò ló ṣì. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, yìnyín ni.

Bí ẹ ṣe máa fi yìnyín sí i

1. Ẹ wá pure water tó ti dì. Bí iná kò bá sí, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta omi tútù tàbí oníẹja yìnyín ni kẹ́ ẹ rán ọmọ lọ. Ẹ fi ọmọ ọlọ gbá a díẹ̀ láìjẹ́ kí ọ̀rá bẹ́, kó lè tẹ̀ mọ́ ara.
2. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì fẹ́lẹ́ tàbí àkísà mímọ́ wé e. Yìnyín tó bá kan awọ ara lásán á bó o bí iná ṣe ń bó èèyàn.
3. Kí ọmọ dojú délẹ̀ tàbí kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ gbé e lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ má jẹ́ kó ju 20 lọ. Bó bá sùn lọ, ẹ gbé e kúrò.
4. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, kí wákàtí méjì ó kéré tán wà láàárín.
5. Láti ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, tí wíwú ti lọ sílẹ̀, ẹ lè wá lo aṣọ tí ẹ rì sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi kan inú ọrùn ọwọ́ yín. Bí kò bá tù yín lára níbẹ̀, kò ní tù ú nídìí.

Róòbù àti àwọn ìpara amúgbóná mìíràn, ẹ gbàgbé wọn lórí ọmọ kékeré. Ibẹ̀ sún mọ́ ihò ìdí àti ojú ara, yóò sì ta á gan-an.

Oògùn ìrora

Paracetamol tó fún púpọ̀ nínú wọn. Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ọjọ́ orí kọ́: miligíráàmù 10 sí 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó wọn kílò 20 á gba 200 sí 300. Omi oògùn tí wọ́n kọ "120mg/5ml" sí lára, mílílítà 10 nìyẹn. Ẹ ka ara ìgò tiyín kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí wọn kò rí bákan náà, ti ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń kán sí lẹ́nu sì lágbára ju ìyókù lọ fíìfíì. Ife tàbí síríńjì inú páálí ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ṣíbí ìdáná. Wákàtí 4 sí 6 ló gbọ́dọ̀ wà láàárín, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24.

Ibuprofen náà ń ṣiṣẹ́, pàápàá lórí wíwú, ṣùgbọ́n ẹ bi dókítà tàbí apòògùn kẹ́ ẹ tó lò ó. Ó ní láti jẹun sí i. Kò dára fún ọmọ tó ń bì tàbí tó ń ṣu gbuuru, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó ní asima, ọgbẹ́ inú tàbí àrùn kíndìnrín kò gbọdọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i. Aspirin, rárá fún ọmọdé.

Ní ilé oògùn kan tí mo kọ́kọ́ yà, wọ́n bu oògùn aláwọ̀ márùn-ún sínú bébà funfun fún mi. Mo bèèrè orúkọ wọn. "Oògùn ara ríro ni, Màmá, ẹ má ṣèyọnu." Mo dá a padà. Oògùn tí kò lórúkọ kì í wọ ẹnu ọmọ mi.

Ìjókòó: fóòmù tí ẹ lè gé fúnra yín

Ibí gan-an ni ìtọ́jú wà. Bí ẹ bá fún ọmọ ní oògùn tán tó sì lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì onípákó, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan.

1. Ẹ ra fóòmù tó le díẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10. Èyí tó rọ̀ jù á rì lábẹ́ rẹ̀, eegun á sì tún kan pákó. Ìwọ̀n àga ọmọ ni kẹ́ ẹ gé e sí.
2. Ẹ jẹ́ kó jókòó lé e díẹ̀, kó tẹ̀ síwájú, kẹ́ ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí òpin ẹ̀yìn rẹ̀ wà.
3. Láti etí ẹ̀yìn fóòmù, ní àárín, ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé ihò wọlé títí kọjá àmì yẹn díẹ̀. Kó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin. Ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ là sílẹ̀ gbalasa, bí ẹnu ọ̀nà tí kò ní ìlẹ̀kùn.
4. Ẹ fi àǹkárá àtijọ́ rán aṣọ sí i. Ẹnu tó là ló ń kọjú sẹ́yìn. (Àjàní gbé tirẹ̀ sódì fún odidi ọjọ́ kan nílé ìwé, ó sì wá sọ fún mi pé fóòmù mi "kò ṣiṣẹ́".)
5. Kó jókòó. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú ihò náà láti ẹ̀yìn. Bí eegun bá ń kan ọwọ́ yín pẹ̀lú àga, ẹ wá fóòmù tó nípọn jù ú lọ.

Kò sówó fóòmù? Ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì méjì, kẹ́ ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ itan kọ̀ọ̀kan, kí àárín ṣófo.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ká aṣọ róbótó bí òṣùká, kó jókòó lé e. Ó máa ń tu àwọn kan lára, ṣùgbọ́n etí òṣùká tó wà lẹ́yìn sábà máa ń bọ́ sórí eegun náà gan-an. Bí ẹ bá ti ṣe òṣùká, ẹ já ẹ̀yìn rẹ̀.

Kó má jókòó ju ìṣẹ́jú 20 sí 30 lọ kó tó dìde rìn káàkiri. Tó bá fẹ́ dìde, kó kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú kó tó fẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ sókè. Iṣẹ́ àṣetiléwá, kó dojú délẹ̀ lórí ẹní ṣe é, tàbí kó kúnlẹ̀ ti àga. Lálẹ́, kó fẹ̀gbẹ́ sùn, kí ìrọ̀rí wà láàárín orúnkún rẹ̀.

Ìgbẹ́, àti ọ̀rọ̀ jẹ̀díjẹ̀dí

Ẹni tí eegun yìí ń dùn máa ń bẹ̀rù ilé ìgbọ̀nsẹ̀, torí bó bá ti ń rin, á ta á. Ni ọmọ á bá dá ìgbẹ́ dúró. Ọjọ́ mẹ́ta, ìgbẹ́ ti le bí òkúta, ìrora á sì di méjì. Ẹ má jẹ́ kó dé ibẹ̀:

- Omi láràárọ̀, kó tó jẹun, àti lẹ́yìn ìyẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú.
- Ìbẹ́pẹ, ọsàn tòun ti ìhá rẹ̀, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ dáadáa lórí àmàlà. Máńgòrò tó kó bá a náà á ràn án lọ́wọ́.
- Ẹ dín búrẹ́dì funfun àti gàrí tútù kù.
- Ìlóṣòó sàn ju jíjókòó lọ. Ẹni tó ní ṣáláńgá ti bọ́ níbí. Tó bá jẹ́ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ òyìnbó ni, ẹ gbé àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí orúnkún lè ga, kó sì tẹ̀ síwájú.

Wàyí o, ẹnì kan nínú agbo ilé á sọ pé: "Jẹ̀dí ni, súìtì ló jẹ jù." Ọmọ já lórí igi lójú gbogbo ayé, jẹ̀dí ni wọ́n ṣì máa pè é. Ẹ má fún un ní àgbo jẹ̀dí. Àgbo yẹn á mú un ṣu gbuuru, omi ara rẹ̀ á gbẹ, tó bá sì wá lo ibuprofen lé e, kíndìnrín ló máa jẹ gbèsè. Ẹ má fa omi ọṣẹ sí i nídìí pẹ̀lú. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí kò yàgbẹ́, ẹ gba oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ lọ́wọ́ dókítà.

Ọmọ tí ẹ ṣì ń pọ̀n

Abẹ́ ìdí ni ọ̀já ti ń gbé ọmọ dúró. Ẹ sinmi pípọ̀n fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ gbé e lé èjìká, tàbí kẹ́ ẹ gbé e síwájú, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ gba abẹ́ itan rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀, tó ń ké nígbàkigbà tí ẹ bá gbé e jókòó, ẹ má fi tirẹ̀ ṣe ìtọ́jú ilé, kí dókítà kọ́kọ́ rí i.

Ilé ìwé àti ilé kéú

Ẹ kọ ìwé pélébé fún tíṣà. Èyí tí mo kọ nìyí, ẹ lè dà á kọ:

*"Ẹ káàárọ̀ o, Tíṣà. Àjàní fi ìdí lulẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa lo fóòmù tó mú dání, kó sì máa dìde dúró tí ibẹ̀ bá ń ro ó. Kó má gbá bọ́ọ̀lù, kó má fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ẹ má sì nà án ní ìdí. Bó bá ṣẹ̀, ẹ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ ṣeun, sà."*

Gbólóhùn ẹgba yẹn, ẹ má yọ ọ́. Ẹ sọ fún Ààfáà náà: orí ẹní ilé kéú le, kó máa kúnlẹ̀ ka ti rẹ̀. Ọ̀kadà sínú kòtò ojú títì wa yìí, ẹ yẹra fún un. Ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn bí kò bá jìnnà.

Ṣé ká gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun?

Fún eegun yìí, rárá. Kò ṣeé dì, kò ṣeé fà. Mo sì ti gbọ́ nípa ẹni tó ní òun máa ti ìka bọ ìdí ọmọ láti "tò ó padà". Ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe dókítà, nínú ọsibítù, pẹ̀lú ẹ̀yin òbí níbẹ̀, kò gbọdọ̀ dán an wò.

Ẹ́síréè ńkọ́? Bí dókítà kò bá ní kẹ́ ẹ ya á, ẹ má rò pé ó fi ọmọ yín ṣeré. Eegun ọmọdé níbẹ̀ kò tíì gbó tán, ó ṣòro láti kà nínú fọ́tò, ohun tí wọ́n bá sì rí kì í sábà yí ìtọ́jú padà.

Bí kò bá sí ìṣubú kankan

Ìdí dídùn láìsí pé ọmọ ṣubú kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóòmù. Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ó lè jẹ́ pé ìrora rẹ̀ ló dé. Ìrora tó ń jí i lóru, tó ń rù, tí ibà ń wá tó ń lọ: ikọ́ ìfe lè wọ eegun ẹ̀yìn, àwọn àrùn mìíràn náà sì wà níbẹ̀. Dókítà ni.

Èyí tó kù wúwo lẹ́nu. Bí ọmọ bá ní ọgbẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ lójú ara, tó ń fòyà ẹnì kan, tàbí tí ìtàn bó ṣe ṣubú ń yí padà, ẹ mú un sí kọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìbínú, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni sí i lẹ́nu. Ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má fọ aṣọ tó wọ̀. Ẹ gbé e lọ ọsibítù bẹ́ẹ̀.

Ó máa pẹ́ tó?

Bí ibẹ̀ bá kàn gbá ni, bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sábà máa ń tó oṣù kan. Bó bá sán, ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Àárọ̀ kan á dáa, ìrọ̀lẹ́ á tún ro ó. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí kò yàtọ̀ sí ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà.

Kó tó padà sí eré:

☐ ó lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì lásán fún ìdajì wákàtí láìmáa yí ìdí
☐ ó lè fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta láìfọwọ́ di ẹ̀yìn
☐ kò lo oògùn ìrora mọ́

Bọ́ọ̀lù ni kó kọ́kọ́ ṣe, kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn náà. Igi máńgòrò ni kó gbẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni Àjàní lò kó tó gbá bọ́ọ̀lù. Ní ti máńgòrò, mo ti bá a wá ọ̀pá gígùn onígọ̀ńgọ̀; orí ilẹ̀ ló ti ń já tirẹ̀ báyìí.